Ẹni Tí Ìyá Ìjòkú Kò Yìn

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ kún kíláàsì ní gbogbo ìlú Rẹ́mọ débi pé àwọn mìíràn ń jókòó sójú fèrèsé. Tíṣà kò tó. Àwọn tí ìjọba fi dí àlàfo náà ni àwọn kọ́pà, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọ́n kó wá láti Kàlàbá, láti Bẹ́núè, láti ilẹ̀ Ìgbò, pé kí wọ́n wá fi ọdún kan sin orílẹ̀-èdè. Wọ́n dé tàwọn ti aṣọ kakí àti bàtà líle, wọn kò sì mọ "ẹ káàárọ̀" yàtọ̀ sí "ẹ káalẹ́". Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ á ní òun fẹ́ lọ tọ̀, kọ́pà á rò pé ó ń kí òun ni, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní "ẹ ṣé". Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Tíṣà Yorùbá ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n yọ̀ǹda ọdún kan péré fún mi kí n lọ gba oyè kejì ní yunifásítì ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo mú ni bí a ṣe lè dán ẹni tó ń kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè kejì wò, kí a lè mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ ọ lóòótọ́ tàbí kò tíì gbọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Èdè tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ yìí náà ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ fún ẹ ní oyè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣe é ní rere, wọ́n sì padà sídìí rédíò wọn.

Kọ́pà mẹ́fà ni mo rí kó jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa yá wa ní kíláàsì kan, a sì ń pàdé níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún àwọn ọmọ kéékèèké. Méjì nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìtàn yìí kàn. Ọ̀kan ni ọkùnrin gíga kan láti Bẹ́núè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ìpẹ̀rú. Tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń kọ sínú ìwé, ó sì ń há òwe kan sórí lójoojúmọ́ bí ẹni ń lo oògùn ibà. Èkejì ni obìnrin kúkúrú kan láti Kàlàbá, tíṣà ìṣirò ní Ṣàgámù. Òun kì í kọ nǹkan kan. Ó máa ń pẹ́ dé, á máa jẹ ẹ̀pà wọlé, bí mo bá sì sọ pé báyìí ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan, á ní, "Ìyá onílé mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí." Inú a máa bí mi. Èmi tí mo kàwé, ìyá onílé kan tí n kò rí rí ló ń bá mi jiyàn láti Ṣàgámù.

Nígbà tí mo ṣe ìdánwò orí ìwé fún wọn, ọkùnrin Bẹ́núè ló gba ipò kìn-ín-ní, obìnrin Kàlàbá ṣe ìkarùn-ún. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo tẹ èsì náà ní táípù, mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò kà á sí nǹkan kan. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, awò ojú wọn nípọn bí ìdí ìgò, ohùn wọn kì í sì í lọ sókè. Wọ́n ní, "Ọwọ́ wọn lo dán wò, o ò dán ẹnu wọn wò. Ìwọ lo sì kọ́ wọn, ìwọ náà lo tún ń fún wọn ní máàkì. Ta ni í dá ẹjọ́ ọmọ ara ẹ̀? Lọ wá àwọn tó ni èdè, ará ìlú lásán, kí àwọn bá wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn sì dá ẹjọ́." Wọ́n fi gègé tẹ tábìlì. "Yára o. Mo gbọ́ pé àwọn kọ́pà rẹ kò ní í pẹ́ lọ."

Òótọ́ ni. A ti wà nínú oṣù kẹfà, bí oṣù kẹjọ bá fi wọlé, kọ́pà kọ̀ọ̀kan á ti gba ilé rẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ni ààyè tí wọ́n fún mi máa pin, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa sì ti sọ ọ́ lójú mi pé kò sí àfikún, àga mi kò ní í dúró dè mí. Bí n kò bá rí èsì tó pegedé kí àwọn kọ́pà tó lọ, ọdún mi ti ṣòfò nìyẹn, n ó padà sí kíláàsì láìsí oyè, àwọn tó ní n kò lè ṣe é á sì máa kí mi kú ilé.

Adájọ́ mẹ́ta ni mo yàn. Àkọ́kọ́ ni bàbá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ti jẹ́ olùkọ́ àgbà kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa bẹ̀rù pàṣán rẹ̀ nígbà èwe wa. Èkejì ni àgbẹ̀ kan ní Irolu, tí kì í fi Yorùbá inú ìwé lọ ẹnikẹ́ni, Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Ìyá Ìjòkú. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ máa ń jókòó yí ká, wọ́n á máa bó obì tí wọ́n ti rẹ sínú omi, Ìyá Ìjòkú á wà láàárín, wọ́n á máa ṣà á. Wọn kì í wò ó. Wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jù ú: ńlá sínú apẹ̀rẹ̀ yìí, kékeré sínú ìyẹn, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sẹ́yìn. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ìka wọn á bá a. Mo wo àtàǹpàkò yẹn, mo ní ọwọ́ tí n ó fi dán kọ́pà mi wò rèé.

Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kọ́pà kọ̀ọ̀kan á lọ bá adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, á kí i, á bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo gbé rẹ́kọ́dà mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa gba ohùn wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, adájọ́ á fún un ní máàkì nínú ogún. Bàbá olùkọ́ àgbà ní bírò pupa tiwọn. Àgbẹ̀ Irolu ní òun á fi ẹnu sọ. Ìyá Ìjòkú kò kàwé, nítorí náà mo ka ogún obì sílẹ̀ fún kọ́pà kọ̀ọ̀kan, mo gbé igbá òfìfo tì í, mo ní kí wọ́n kó iye obì tí Yorùbá onítọ̀hún bá tó sínú igbá. Wọ́n ní ó yé àwọn dáadáa.

Ogún ni gbogbo wọn gbà. Kọ́pà mẹ́fà, adájọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tó dín. Bàbá olùkọ́ àgbà tilẹ̀ fún ọkùnrin Bẹ́núè ní mọ́kànlélógún. Mo ní, "Bàbá, ogún ni òpin rẹ̀." Wọ́n ní àwọn mọ̀, ẹyọ kan tó lé jẹ́ ti bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àwọn. Ti Ìjòkú tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láti wá ka obì inú igbá, igbá ṣófo fóò. Ìyá Ìjòkú sọ fún mi pé gbogbo wọn ló gba ogún, àwọn sì ti fi obì náà ta wọ́n lọ́rẹ. Máàkì mi ti wọ báàgì lọ sílé.

Mo gbé èsì yìí lọ sí Ìbàdàn nítorí pé n kò ní òmíràn. Ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Òṣùwọ̀n tó ní ewúrẹ́ àti erin wúwo bákan náà," ni wọ́n wí, "kí la fẹ́ fi ṣe?" Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní oríta márosẹ̀ Ṣàgámù, mo ra àgbàdo sísun, mo dì í mú títí tó fi tutù, omi sì ń bọ́ lójú mi láàárín àwọn awakọ̀ tó ń pe èrò. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá wọ́n jí àpò mi ni.

Láti oríta yẹn, mi ò yà sílé, Ìjòkú ni mo gbà lọ tààrà. Orí kunkun ni wọ́n bí mọ́ mi, bí inú bá sì bí mi, n kì í rántí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ tán. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ìyẹn kò yẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde, mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń ju obì nù nítorí ihò abẹ́rẹ́, ẹ̀yin lẹ fún dede wọn, gbogbo wọn pátá, ní ogún?"

Ọwọ́ wọn kò dúró. "Obì kì í ṣe àlejò," ni wọ́n wí.

"Ìyá, ìdánwò ni."

"Ọma ọlọ́mọ fi ilé baba ẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń kọ́ ọma wa níwèé, ó tún ń tiraka kó fi èdè mi kí mi, ìwọ ní kí n máa bù ú kù. Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó sọ̀rọ̀ rere, obì jáde. Kí lo tún fẹ́?"

Àwọn obìnrin tó ń bó obì rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọdún kan tí wọ́n yọ̀ǹda, àga tí kò ní í dúró dè mí, àwọn kọ́pà tó ń palẹ̀ mọ́. Mo ní bí n kò bá lè sọ ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́, iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ọwọ́ Ìyá Ìjòkú dúró lórí obì.

"Ṣé ẹni tó gbọ́ lo fẹ́ mọ̀?" ni wọ́n bi mí. "Ṣèbí kí o bi mí ni. O ní kí n fi obì fún wọn, mo fún wọn. O ò bi mí pé ta ló gbọ́."

"Ta ló gbọ́?"

"Ọma kúkúrú yẹn."

"Èyí tó ń jẹ ẹ̀pà kiri?"

"Dede wọn, òun nìkan ló gbọ́. Àwọn tó kù ń gbìyànjú."

"Ẹni gíga ńkọ́?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èèyàn dáadáa nìyẹn. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni gbé ẹyin dání. Mo máa ń ṣàdúrà fún un." Nígbà tí mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n ní ìbéèrè wo nìyẹn, ṣé èèyàn ń sọ bó ṣe mọ ọmọ tó wà nínú ilé ni. Wọ́n padà sídìí obì wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ní pálọ̀ bàbá mi, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rẹ́kọ́dà. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkùnrin Bẹ́núè ní Ìjòkú. Ìyá Ìjòkú ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ Yorùbá o." Ó pa òwe, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n tún ní ó mà gbọ́ Yorùbá. Ẹ, ẹ, ẹ ni wọ́n ń dà bò ó, bí ẹni ń bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Wọ́n di obì fún un, wọ́n ṣàdúrà fún un, ó parí. Ti àwọn mẹ́rin mìíràn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo ti kásẹ́ẹ̀tì ti obìnrin Kàlàbá bọ̀ ọ́, mo rò pé mo ṣi kásẹ́ẹ̀tì mú ni. N kò gbọ́ "ẹ gbọ́ Yorùbá" níbì kankan. Ó ná obì, Ìyá Ìjòkú bi í bóyá ó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ó ní ìyá onílé òun ní ẹnì kan wà ní òpópónà kejì tí tirẹ̀ dára ju èyí lọ. Ìyá Ìjòkú ní kó máa lọ bá a, kó sì bá àwọn kí i. Lẹ́yìn náà ni Rẹ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu wọn bí òjò, wọ́n ń sọ fún un nípa ọkọ ẹnì kan ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ tí èmi ọmọ àbúrò wọn kò tíì gbọ́ rí. Láàárín rẹ̀, wọ́n ní, "Bá mi gbé igbá yẹn. Kì í ṣe èyí. Ojú ẹ dà?" Ó gbé igbá náà wá, ó sì bi wọ́n pé kí ni ọkọ náà wá ṣe. Mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Mo gbọ́ ti Irolu àti ti Ìkẹ́nnẹ́. Àgbẹ̀ náà mú àwọn márùn-ún rìn yí oko ká bí ẹyin, ó sì fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Obìnrin Kàlàbá nìkan ló sọ fún pé bàtà tó wọ̀ wá sóko kì í ṣe bàtà ọlọ́gbọ́n, tó sì ní kó dúró bá òun ka ọmọ ewúrẹ́. Bàbá olùkọ́ àgbà tó fún ènìyàn ní mọ́kànlélógún kò tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe, àfi ti obìnrin náà. Òun ni wọ́n bá wí pé kó yé la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí ará ọjà Ṣàgámù. Bẹ́ẹ̀, ogún náà ni wọ́n kọ fún un.

Mo fò dìde débi pé bàbá mi pa rédíò. Àwọn adájọ́ mi ti dá ẹjọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n kàn kọ̀ láti fi nọ́ńbà dá a ni, torí nọ́ńbà á dójú ti àlejò. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn, tí wọ́n ń rọra bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń di ẹrù fún, kò tíì wọlé. Ẹni tó bá ti wọlé, wọ́n á bá a jiyàn, wọ́n á rán an níṣẹ́, wọ́n á ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi àṣírí aládùúgbò ṣòfófó fún un. Ta ni í yin onílé pé ó mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tò ó lẹ́sẹẹsẹ, láti ìyìn dé èébú, mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń tẹ táípù.

Ọ̀gá mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dé òpin. Nígbà tó yá wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ó fẹ́ dà bí òṣùwọ̀n," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo tíì fi wọn nǹkan. Bí ẹni tí wọ́n ń yìn bá tẹ̀ síwájú, ṣé àwọn èèyàn rẹ á yí padà sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ wọn? Mú ẹyọ ẹnì kan wá fún mi tó ti ibẹ̀ dé ibí, n ó fọwọ́ sí i. Bí o ò bá rí i, ìtàn aládùn lásán lo kọ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àwọn kọ́pà lọ.

Ọkùnrin Bẹ́núè ni mo sọ fún. Mo ní kó má ṣe jẹ́ kí àwọn adájọ́ gbọ́. Ó pa ìwé òwe rẹ̀ dé, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ń ṣàánú mi ni?" Mo ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun, ohun tí òun fẹ́ báyìí ni kí wọ́n bú òun. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú líle, mi ò lè rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe yà mí lẹ́nu. Ó lọ sí Ìjòkú, ó dúró gbọn-in bí òpó, kò dọ̀bálẹ̀, ó wá na ọwọ́ òsì sí Ìyá Ìjòkú pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Bí ọmọ bíbí Ìjòkú bá dán irú ẹ̀ wò, wọ́n á ránṣẹ́ pe baba rẹ̀. Ìyá Ìjòkú fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ òsì náà. Wọ́n sọ fún àwọn obìnrin tó kù pé kò burú, àlejò lójú, kò fi ríran, wọ́n sì di obì ìlọ́po méjì fún un. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sọ ọ́ sórí tábìlì. Ó ní obì tó wà nínú yàrá òun báyìí ti fẹ́ẹ́ pọ̀ tó ti àwọn Haúsá ní Sábó. Ìgbà yìí ni mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Mo ní kó fi ìwé òwe sílé, kó lọ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń jáde nílé-ẹ̀kọ́ ní Ìpẹ̀rú, á wọkọ̀ wá sí Ìjòkú, á ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kò sáàárín àwọn obìnrin tó ń bó obì. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bó obì kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi ẹnu ṣe ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ ẹni tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Èkó. Ìka rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Yorùbá tí mo kọ́ ọ ń bàjẹ́ lójú mi, ó ti ń ní "ọma", ó ti ń ní "dede", kò sì pa òwe mọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á bá mi níbi tí mo ti ń dúró dè é ní oríta márosẹ̀ tó ti ń wọ ọkọ̀ padà, á ní, "Wọ́n tún yìn mí lónìí, Àǹtí." Mo ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ilé bí aboyún.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn dé. Ọjọ́ Ajé ló máa lọ. Rẹ́kọ́dà mi wà ní igun àtíbàbà bó ṣe máa ń wà, kò sí ẹni tó tún ń wò ó. Ọkọ̀ ńlá àwọn oníṣòwò òkè Ọya ti dúró ní ẹnu títì, wọ́n fẹ́ kó ẹrù kí òjò tó dé, gbogbo obìnrin sì ń sáré ọwọ́. Ọkùnrin náà pẹ́ dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń retí "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin náà mà ń gbìyànjú", tí wọ́n ń sọ fún un lójoojúmọ́. Wọn kò sọ ọ́. Ìyá Ìjòkú mú obì kan nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò yí i.

"Ta ló bó èyí?"

"Èwo nìyẹn, Ìyá?"

"Ojú ẹ wà níbo? O ha á lára bí ẹni ń ha iṣu. Gíga lásán, ọwọ́ kò sí."

Mo di apẹ̀rẹ̀ tí mo jókòó lé mú. Ọkùnrin náà kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì lobìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bó ìyẹn, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín jù ú sínú èyí tó dára. Mo rò pé ojú ló ń dùn yín, mo ní kí n má sọ."

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó kù bá a. Ìyá Ìjòkú wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i láti ìgbà tó ti ń wá. "Ẹlẹ́nu gbọọrọ," ni wọ́n wí. "Ta ló jẹ́ kí èyí gbẹ́nu sókè nínú ilé mi? Dìde ńbẹ̀. Rè é sọ fún awakọ̀ yẹn pé bí kò bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀ wọlé nísinsìnyí, n ó kó obì mi fún ẹlòmíì. Kó o sì kọjá ní ilé kejì, ní kí wọ́n dá apẹ̀rẹ̀ mi padà, ẹni tó bá ní òun ò rí i, má gbà fún un." Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní Rẹ́mọ tó ń sáré, láìmí, láì wo ojú rẹ̀ bóyá ó yé e.

Ọ̀gá mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú bírò wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sókè, èyí tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Oyè náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì bá àga mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kásẹ́ẹ̀tì kò lè gbà sílẹ̀ ni ojú ọkùnrin náà. Nígbà tó dé ẹnu àtíbàbà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó yí padà wò mí. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Ìyá Ìjòkú kò gbé orí sókè lórí obì.

"Ọma yìí, kí lo tún ń dúró wò?"

Ó sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ wọn.